Ogun Tí Wọ́n Fi Ń Ṣeré

Ohun tí ó kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí ní ìlú òyìnbó ni pé kò sí ẹni tí ó bi mí pé ibo ni mò ń lọ. Ní abúlé wa lẹ́yìn Erunmu, kí ènìyàn tó rìn láti ẹnu ọ̀nà rẹ̀ dé etí títì, yóò ti dáhùn ìbéèrè yẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, yóò sì ti sọ bí àwọn ará ilé ṣe jí. Lọ́hùn-ún, mo lè jáde ní àárọ̀ kí n padà ní ìrọ̀lẹ́ kí ó má sí ẹnì kan tí ó bá mi sọ̀rọ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni. Mo ronú títí lórí ohun tí mo lè ti ṣe. Nígbà tí ó yá, mo rí i pé wọn kò bínú. Wọn kò rí mi ni. Èwo ni ó sàn nínú méjèèjì, n kò tíì mọ̀ ọ́n di òní tí mo ti padà sílé.

N kò fẹ́ sọ púpọ̀ lórí bí mo ṣe dé ibẹ̀. Iṣẹ́ mi ní oko ìwádìí kan lẹ́bàá Ìbàdàn parí nígbà tí wọ́n ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ìyàwó mi kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ilé wá tóbi jù mí lọ. Ọ̀gá mi àtijọ́ kan tí ó ti ń gbé lọ́hùn-ún ránṣẹ́ pè mí, mo sì lọ. Ẹni tí ó ti dàgbà kí ó tó wọ ilé-ìwé, bí èmi, a máa rò pé ohun tí òun ń wá wà ní ibi tí òun kò tíì dé.

Odi àtijọ́ kan ni mo ti rí iṣẹ́. Orí òkè ni ó wà. Òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ, apá kan rẹ̀ ti wó, yàrà jíjìn sì yí i ká. Odi wà nílé pẹ̀lú. Odi àwọn baba wa ṣì wà lọ́nà oko wa, ó rí bí òkìtì gígùn kan, pákí ni a gbìn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, inú yàrà rẹ̀ ni ewúrẹ́ ti ń jẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ń lọ wò ó. Lọ́hùn-ún, wọ́n ń gba tíkẹ́ẹ̀tì kí wọ́n tó wọlé wá wo ògiri tí ó ti wó, wọn a sì dúró níwájú rẹ̀ láìsọ̀rọ̀, bí ìgbà tí wọ́n wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣa ìdọ̀tí tí wọ́n bá dà sílẹ̀, láti fọ ilé ìtọ̀, àti láti gé koríko inú yàrà.

Bàbá tí ó ń gba tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ń jẹ́ Tọ́mù. Ó jù mí lọ dáadáa. Ó ní kí n máa pe òun ní Tọ́mù, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á. Inú mi ni mo ti ń pè é ní Bàbá Tọ́mù, tí mo bá sì fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, mo máa ń gbé “Bàbá” náà mì kí ó tó dé ètè. Òun ni ó kọ́kọ́ bi mí bóyá mo sùn dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni a ti jọ ń mu tíì nínú yàrá kékeré tí ó ti ń gba tíkẹ́ẹ̀tì.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ọ̀gá wa obìnrin sọ fún mi pé èrò yóò pọ̀ ní Sátidé kan, kí n tètè dé. Kò sọ pé ogun ni.

Mo sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin lórí pápá, tí àwọn kan wọ kóòtù pupa, tí àwọn kan wọ kóòtù búlúù, tí wọ́n gbé ọ̀kọ̀ gígùn àti ìbọn. Orílẹ̀-èdè tí sójà ti ń ṣèjọba ni mo ti wá. Tí mo bá rí ọ̀pọ̀ ọkùnrin nínú aṣọ kan náà pẹ̀lú ìbọn, ẹsẹ̀ mi kì í dúró gba àlàyé. Mo ti ń padà sí ibi tí bọ́ọ̀sì wà kí ọ̀gá wa tó pè mí.

“Eré ni! Eré ni!” ó ń pariwo, ó ń rẹ́rìn-ín. “Ogun àtijọ́ ni wọ́n ń ṣe. Ọdọọdún ni a máa ń ṣe é. Gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ wá.”

Mo gbọ́ pé eré ni. Mo gbé omi, mo dúró lẹ́yìn okùn tí wọ́n ta fún àwọn òǹwòran, mo sì ń sọ fún ara mi pé eré ni. Lẹ́yìn náà àgbá dún, èéfín bo pápá, mo sì rí Tọ́mù nínú kóòtù pupa. Ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ kan sáré sí i pẹ̀lú ọ̀kọ̀. Tọ́mù la ẹnu, ó di àyà mú, ó ṣubú gbì. Fìlà rẹ̀ yí lọ. Kò dìde.

Àwọn ènìyàn ń wò ó. Ọ̀kan ń jẹ búrẹ́dì.

Bí àgbàlagbà bá ṣubú báyẹn ní ọ̀dọ̀ wa, ènìyàn kì í dúró wò ó. A máa ń pe orúkọ rẹ̀ ni. A máa ń pè é kíkan kíkan kí ó má bàa lọ jù, kí ó lè gbọ́, kí ó sì yíjú padà. Bí mo ṣe pe ìyàwó mi nìyẹn títí ohùn mi fi há. Ẹsẹ̀ mi ti rékọjá okùn kí n tó mọ̀.

“Tọ́mù! Tọ́mù o! Bàbá Tọ́mù, ẹ má lọ o! Ẹ dá mi lóhùn!”

Ó la ojú kan. “Kúrò níbí, ọ̀rẹ́,” ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. “Mo ti kú.”

“Ẹ kò kú! Ẹ kò ní í kú!” Mo da omi bọ́kẹ́ẹ̀tì náà sí i lórí.

Ó fò dìde bí ọmọdé. Ariwo ẹ̀rín tí ó sọ lórí pápá náà ju ti àgbá lọ. Ọkùnrin síńgbọnlẹ̀ náà ju ọ̀kọ̀ sílẹ̀, ó di ikùn mú. Ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ nǹkan kan tí n kò gbọ́ dáadáa, gbogbo ènìyàn sì pàtẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní láti tún Tọ́mù pa.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pè mí sábẹ́ àtíbàbà tí wọ́n ti ń mutí. Tọ́mù ń nu irun rẹ̀. Ẹni tí ó pa á jókòó tì í.

“Omi ilé ìtọ̀ ni ọkùnrin yìí dà sí mi lórí,” Tọ́mù wí.

“Òun ló jí ọ,” ẹni tí ó pa á fèsì. “Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi ni mo ṣe wàhálà lásán.”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ọ̀rọ̀ má bàa tán lẹ́nu mi, mo bi Tọ́mù pé apá wo ni àwọn baba rẹ̀ wà nínú ogun náà gan-an. Ó nawọ́ sí odi.

“Inú ibẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn ẹlẹ́wù pupa dó tì wọ́n títí ebi fi pa wọ́n kú.”

“Ṣùgbọ́n ẹ̀wù pupa ni ẹ wọ̀.”

“Èèyàn wọn ò tó lọ́dún yìí,” ó wí. “Ẹnìkan gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Lọ́dún tó ń bọ̀ màá padà sínú odi.”

Ẹni tí ó pa á rọ ọtí kún ife rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí mo wọ̀ lọ sílé, n kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó yẹ kí n sọ ìdí rẹ̀. Ìdílé kan wà ní ìlú kan tí kò jìnnà sí Akanran. N kò ní í dárúkọ wọn. Nínú ogun kan láyé àwọn baba ńlá wa, ọkùnrin kan láti ìdílé yẹn ni ó pa ẹni tí ó bí baba baba wa lẹ́nu bodè. Wọn kò gbé òkú rẹ̀ fún wa. Láti ìgbà náà a kì í jẹun nílé wọn, a kì í fún wọn lọ́mọ, a kì í sì í gba tiwọn. Kò sí ẹni tí ó jókòó kọ́ mi. Mo bá a nílé ni. Mo rántí pé bàbá mi, ẹni jẹ́jẹ́ tí kì í bá ènìyàn jà, máa ń yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀kan nínú wọn bá ń bọ̀ lọ́nà ọjà.

Ọmọ ìdílé yẹn ni Bọ́sẹ̀ ọmọ mi ní òun fẹ́ fẹ́.

Olùkọ́ ni Bọ́sẹ̀ ní Egbeda. Òun nìkan ni ọmọ mi. Tí ọjọ́ Ìsinmi tí ó kẹ́yìn oṣù bá pé, òun àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin a máa lọ sí ilé àna wa kan ní Ọlọ́runṣògo, tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó sì ní fóònù. Èmi a wọ inú àpótí fóònù tí ó wà ní ìta nítòsí ilé tí mo háyà, n ó sì pè wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ni ó tọ́ mi lẹ́yìn tí ìyá wa kú. Ìyá Àdúrà ni ní ìjọ Kérúbù. Tààrà láti ṣọ́ọ̀ṣì ni ó máa ń wá, pẹ̀lú sùtánà funfun rẹ̀ lọ́rùn, láìwọ bàtà.

Ní oṣù tí wọ́n ṣe eré ogun náà, Bọ́sẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gba fóònù.

“Bàámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé òtútù ò pa yín?”

“Kò pa mí.”

“Ẹ ò tíì dá mi lóhùn lórí ọ̀rọ̀ Kúnlé. Bàámi, tiyín nìkan ni mò ń dúró dè. Tẹ́ ẹ bá ní kí n má fẹ́ ẹ, n ò ní fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n n ò ní fẹ́ ẹlòmíì. N ò fi dẹ́rù bà yín o. Mo kàn ń sọ fún yín ni.”

Mo mọ̀ pé kò fi dẹ́rù bà mí. Bí ìyá rẹ̀ náà ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, bí ó bá sì ti sọ ọ́ báyẹn, ó tán. Kí n tó rí ohun tí n ó fèsì, ẹ̀gbọ́n mi ti já fóònù gbà.

“Àbúrò, ṣé o gbọ́? Ọkùnrin kún Ìbàdàn yìí fọ́fọ́, ilé àwọn tó pa baba wa lọmọ rẹ lọ ń wá ọkọ sí!”

“Mo gbọ́, mà.”

“Kí lo wá sọ?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, ṣebí ẹ̀yin lẹ máa ń gbàdúrà pé kí gbogbo májẹ̀mú àtijọ́ já?”

“Májẹ̀mú èṣù ni mo ní kó já. Ti ilé wa kọ́!”

“Ta ló yà wọ́n sọ́tọ̀?”

“Ẹ gbọ́ o! O ti dé ìlú òyìnbó, o wá ń bi mí ní ìbéèrè òyìnbó.”

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Wọ́n jẹ́ kí n rò ó. Ìgbà òtútù dé, mo ṣì ń rò ó.

Ní ìgbà òtútù yẹn, obìnrin tí ó ń ta búrẹ́dì ní òpópónà wa bẹ̀rẹ̀ sí í mú irú èyí tí mo máa ń rà sílẹ̀ kí n tó la ẹnu. Ní ọjọ́ kan tí mo wọ aṣọ ìjọsìn, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, “Ibo lò ń lọ?” Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣàlàyé gbogbo ọ̀nà náà fún un. Mo rò pé mo ti ń di ará ìlú nìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni ará ìlú? Àwọn tí wọ́n ń wá wo odi máa ń bi mí pé ibo ni mo ti wá. Mo máa ń dárúkọ Nàìjíríà, wọn a mi orí, ó parí. Ní ọ̀dọ̀ wa, “Ọmọ ta ni ọ́?” ni wọ́n máa ń bi ènìyàn, orúkọ òkú ni yóò sì fi dáhùn. Nígbà mìíràn, bí mo bá ń gé koríko inú yàrà, mo máa ń rò pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí ti rí ìmọ́lẹ̀: wọ́n ti sọ ogun di ohun tí ènìyàn ń mutí lé lórí. Nígbà mìíràn mo máa ń rò pé nǹkan ti sọnù lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì mọ̀. N kò lè mú ọ̀kan. Bọ́sẹ̀ sì ń dúró.

Ọdún yí po. Tọ́mù padà sínú odi bí ó ti wí. Àwọn ẹlẹ́wù pupa kò tún tó. Ó gbé kóòtù rẹ̀ ti èṣí wá bá mi.

“Bóyá bó o bá wà nínú eré, o ò ní í dá a rú,” ó wí.

Mo wọ̀ ọ́. Iṣẹ́ mi kò ju kí n sá dé ẹnu bodè pẹ̀lú àwọn yòókù, kí n na ọ̀kọ̀ sí Tọ́mù, kí ó ṣubú. Mo sá dé ẹnu bodè. Bàbá náà dúró síbẹ̀, ó ti ṣí àyà sílẹ̀ fún mi. Apá mi kò gbé e.

“Gún mi,” ó wí.

“N kò lè gún yín. Ẹ jù mí lọ.”

“Orúnkún ń dùn mí, ọ̀rẹ́. N ò lè dúró báyìí títí. Gún mi kí n lè dùbúlẹ̀!”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà níwájú, ẹ ṣe kíá!” ẹnìkan kígbe lẹ́yìn mi.

Mo fi orí ọ̀kọ̀ náà kan bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀, bí ẹni tí ó ń wò bóyá ìkòkò ti gbóná. “Ẹ má bínú, sà,” ni mo wí. Ẹ̀rín ni ó fi kú.

Lẹ́yìn eré, mo bá a jókòó sórí òkúta kan. Mo sọ gbogbo ọ̀rọ̀ Bọ́sẹ̀ fún un. N kò bá òyìnbó sọ̀rọ̀ tó báyẹn rí. Mo wá bi í pé báwo ni àwọn ṣe ṣe é, tí ènìyàn fi lè wọ aṣọ ẹni tí ó pa baba rẹ̀ tí kò sì ní dà á láàmú. Mo fẹ́ kí ó fún mi ní ọ̀rọ̀ kan tí n ó gbé lọ sílé.

 Ó nawọ́ sí ọkùnrin kan tí ó dé fìlà aláwọ̀ ewé, tí ó ń bọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

“Ṣé o rí ìyẹn? Àbúrò mi ni. A ò tíì bá ara wa sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú.”

“Kí ló ṣe?”

“Àga ni.”

“Àga wo?”

“Àga ìyá wa. Ó gbé e lọ láìbéèrè.”

Mo wo ojú rẹ̀ kí n mọ̀ bóyá ó ń ṣeré. Kò ṣeré. Ó ń wo ẹ̀yìn àbúrò rẹ̀ pẹ̀lú ojú tí bàbá mi fi máa ń wò sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́nà ọjà.

Ohun tí mo gbé kúrò níbẹ̀ nìyẹn: àga. N kò mọ ohun tí n ó fi ṣe.

Nígbà tí mo tún wọ inú àpótí fóònù ní oṣù yẹn, n kò ní ìpinnu kankan. Mo gbọ́ tí ẹnu mi ń sọ pé kí Bọ́sẹ̀ bẹ bàbá Kúnlé kí wọ́n wá síbi fóònù ní oṣù tí ń bọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òun yóò wà níbẹ̀, òun yóò dúró ti fóònù, òun yóò gbọ́ ohun gbogbo.

Bàbá náà wá. Ohùn wọn fi hàn pé wọ́n ti dàgbà, wọ́n jù mí lọ púpọ̀. Mo kí wọn. Wọ́n kí mi kú àjò, wọ́n kí mi kú ọ̀fọ̀ ìyàwó.

“Bàbá,” mo wí, “ṣé ẹ mọ ohun tó wà láàárín wa?”

“Mo mọ̀ ọ́n. Wọ́n sọ fún wa nílé pé ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ pa tiwa.”

“Irọ́ ni!” Ohùn ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fóònù.

“Ó lè jẹ́ irọ́, Ìyá Àdúrà,” bàbá náà wí. “N ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n a sin bàbá yín. Ẹ̀yìnkùlé wa ló wà. A kì í kọ́lé síbẹ̀, a kì í dáko síbẹ̀. Èmi náà bá a bẹ́ẹ̀ ni. A ò rí ẹni tá a máa sọ fún ni, torí pé ẹ ò kí wa.”

N kò mọ̀ bóyá kí n gbà á gbọ́. Mo gbọ́ bí ẹnìkan ṣe gbé fóònù lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, mo gbọ́ bí nǹkan ṣe kan ilẹ̀.

“Bàámi,” Bọ́sẹ̀ ni, “wọ́n wà nílẹ̀ o.”

“Ta ni?”

“Bàbá. Wọ́n ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọ́n ní ẹ̀yin àti òkú baba yín làwọn ń kí.”

“Jẹ́ kí wọ́n pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀!” ẹ̀gbọ́n mi wí.

Bàbá tí ó jù mí lọ dojú bolẹ̀ nítorí mi ní Ọlọ́runṣògo, èmi sì dúró ṣánṣán nínú àpótí aláwọ̀ pupa ní ìlú onílùú. Ogun tí òun kò rí, tí èmi kò rí. Ohun tí ó ń ṣe, n kò mọ̀ bóyá ó yàtọ̀ sí ohun tí Tọ́mù máa ń ṣe lórí pápá. Mo mọ̀ pé n kò lè dúró kí irú bàbá bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ fún mi. Mo kúnlẹ̀. Okùn fóònù náà kúrú, àyè kò sí. Mo fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, mo sì dọ̀bálẹ̀ bí ó ti ṣeé ṣe, tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà níta lórí ọ̀nà tí àwọn ènìyàn ń gbà. Obìnrin kan dúró, ó ní ṣé ara mi le. Mo ní ó le.

“Bàámi, ẹ ò fọhùn. Ṣé ẹ wà níbẹ̀?”

“Mo wà nílẹ̀.”

“Nílẹ̀ ibo?”

“Sọ fún Bàbá pé èmi náà wà nílẹ̀. Sọ fún wọn pé n ò lè kọ́kọ́ dìde.”

Mo gbọ́ tí ó sọ ọ́ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n mi ni ó wá sọ̀rọ̀, kì í ṣe èmi ni ó ń bá wí.

“Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé bàbá yẹn dìde jàre, sìmẹ́ǹtì yẹn tutù.”